Hítà Tí Kò Ní Páìpù

Ká má purọ́ fúnra wa, Rahmon mọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi kàwé ẹnjiníà ní Houston, ọdún mẹ́rin ló fi bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ní Clear Lake kí iṣẹ́ tó dẹnu kọlẹ̀ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mọ́rúfù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ní Cypress lẹ́bàá Houston, ló ní kó máa bọ̀ kí wọ́n jọ máa ṣe é. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mọ́rúfù yìí náà ló rán an nílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ta ni yóò wá kojú irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ kó máa bá a jiyàn?

Wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà tóbi, tírélà mẹ́ta lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù ni látòkè délẹ̀. Nígbà ooru, bí ẹní ń se ẹ̀wà ni oòrùn ṣe ń sè wọ́n níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi lẹ fóòmù tó nípọn mọ́ gbogbo ògiri àti abẹ́ òrùlé. Oṣù méjì gbáko! Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà, tó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, tó ń dí i. Nígbà tí wọ́n parí, afẹ́fẹ́ ò rí ibi gbà wọlé mọ́. Àlejò kì í wá kó má mú un lọ fọwọ́ kan ògiri yẹn.

Òtútù dé ní Disẹ́ńbà 1983, kì í sì í ṣe òtútù eré. Omi dì nínú ẹ̀rọ, spánà ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àfi kí wọ́n ra hítà.

Rahmon mú ìwé tí àwòrán hítà méjì wà nínú rẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n, èyí ni ká rà. Gáàsì ló ń lò, àmọ́ ó ní páìpù tó ń gbé èéfín gba òrùlé jáde."

"Òrùlé wo?"

"A máa lu ihò kan síbẹ̀."

"Ihò! Lára òrùlé tí mo fi oṣù méjì dí? Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Mọ́rúfù tọ́ka sí èkejì, èyí tí wọ́n kàn ń gbé kalẹ̀ tí iná rẹ̀ ń jó ní gbangba. "Èyí ńkọ́?"

"Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé, tó ń jáde ni wọ́n ń lo ìyẹn sí. Tiwa ti dí pa. Èéfín ẹ̀ ò lóòórùn, ẹ ò sì ní fojú rí i, àmọ́ ó ń pààyàn."

Mọ́rúfù bú sẹ́rìn-ín. "Èéfín tí mi ò rí, tí mi ò gbóòórùn ẹ̀! Ọmọ yìí, inú èéfín ni ìyá wa ti sebẹ̀ tó gbé ẹ dàgbà. Ilé ìdáná tí ò ní fèrèsé! Ta ló kú níbẹ̀?"

Àlàfo wà láàárín ògiri ilé ìdáná yẹn àti páànù rẹ̀, adìyẹ ń gba ibẹ̀ fò kọjá. Rahmon rántí. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Àgbà ti sọ̀rọ̀.

"Ó dáa, sà," ló wí.

Háà, ó dáa sà! Ṣé ó dáa lóòótọ́?

Wọ́n ra èyí tí kò ní páìpù. Láàárín wákàtí kan, Mọ́rúfù ti bọ́ kóòtù. "Ẹnjiníà, èéfín ẹ dà?" Rahmon bá a rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń yọ́ lọ gbé ilẹ̀kùn ńlá tí tírélà ń gbà wọlé sókè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kẹ́fín, á tún fà á wálẹ̀.

Àtìní àti Àlàmísì ni Mọ́rúfù máa ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ yẹn, Rahmon lọ wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Uptown, kò sẹ́ni tó gbé ilẹ̀kùn sókè. Ní aago méjì ọ̀sán, ó fi fóònù pe wọ́kíṣọ́ọ̀bù.

"Orí ń fọ́ mi," Mọ́rúfù ní. "Òòyì sì ń kọ́ mi."

Rahmon fẹ́ sọ pé, ẹ pa hítà yẹn, ẹ jáde síta. Àmọ́ ẹ̀rín tí Mọ́rúfù fi í rín ṣì ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n á tún ní, ẹnjiníà ti dé.

"Ṣé ẹ gbààwẹ̀ ni?"

"Mo gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Mọ́rúfù wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò kúkú lè ṣínu kí oòrùn tó wọ̀."

Nígbà tí Rahmon dé ní aago márùn-ún, ilẹ̀kùn wà nílẹ̀ pátá, iná hítà ń jó. Orí ẹní ìkírun ni Mọ́rúfù sùn sí. Kò mí mọ́. Rahmon ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó pa hítà, ó ń pariwo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé, atẹ́gùn ti gbá ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára Mọ́rúfù tẹ́lẹ̀, dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò bi Rahmon, kò sì sọ.

Alùfáà Nùrúdíìnì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kéwú, ló ṣáájú àwọn tó wẹ òkú. "Ẹ wo ètè ẹ̀ bó ṣe pọ́n," ni wọ́n ń wí. "Ó kú tààwẹ̀tààwẹ̀. Ẹni Ọlọ́run gbà ni." Rahmon ń bu omi. Ó mọ̀ pé èéfín hítà ló mú ètè yẹn pọ́n. Ó tún bu omi sí i.

Hàwáù ìyàwó Mọ́rúfù ló kàn sọ fún, kó lè tù ú nínú, pé àwọn jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé ẹ̀rín ló rín gbẹ̀yìn, pé òun ló ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, o ṣeun," ni Hàwáù wí, ẹkún ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń pè é látọjọ́ tó ti wọlé wọn nìyẹn; ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé Mọ́rúfù kún fún èrò àdúrà. Alùfáà Nùrúdíìnì na ọwọ́ sókè. "Hàwáù ti fi hítà ọkọ rẹ̀ ṣe sàráà. Ilé kéwú àwọn ọmọ wa la máa gbé e sí, òtútù ń pa wọ́n níbẹ̀. A ti fi ọ̀rá dí gbogbo fèrèsé. Títí ayé ni láádá rẹ̀ á máa lọ bá Mọ́rúfù."

"Àmín!"

"Rahmon, ìwọ ẹnjiníà, wàá bá wa tan iná ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àbí?"

Ó dáa, sà. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀, ọmọ Mọ́rúfù méjèèjì wà níbẹ̀.

"Rárá, sà," ni Rahmon wí.

Ta ní ń sọ rárá fún alùfáà?

"Hítà yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Èéfín ẹ̀ ni, ẹ ò lè rí i. Ẹ má gbé e sọ́dọ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni."

Hàwáù jáde láti yàrá tó ti ń ṣe opó, kò tilẹ̀ fa gèlè bojú. Ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ká tó rà á."

Hàwáù tún sún mọ́ ọn.

"Rahmon," ó ní. "O mọ̀, o wá ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀."

Rahmon dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé ojú lé kápẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.