Kọ́là tí Mo Rán fún Alága

Ìwé tó wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kò gùn. Ìgbà mẹ́rin ni mo kà á kí n má baà ṣì í kà. Ó ní alábẹ̀wò kan yóò wá sílé wa ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, láti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ọmọ mi àgbà ṣe ń kàwé. Bí kò bá gbọ́, wọn yóò mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sùn tí wọ́n ti ń jí, tí òbí kì í fojú kàn wọ́n títí ìsinmi yóò fi dé.

Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Nínú ilé, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni gbogbo, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àlejò bá ti kan ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ a gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Odidi ọdún kan ló fi jókòó nílé ìwé láìjẹ́ olùkọ́ lóhùn nígbà tó bá ń pe orúkọ. Nítorí náà ni mo ṣe kó òun àti àbúrò rẹ̀ wálé. Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà, tí mo ń rán aṣọ ibùsùn fún ilé ìwòsàn nínú pálọ̀ wa, ni mo di olùkọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá kan tábìlì, ìwé àwọn ọmọ wà lápá kejì.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò fi ojú rere wò ó. Láti orí àga rẹ̀ ni yóò ti sọ pé, "Ìyàwó, ẹni tó bá ní òun yóò fún ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wá fi ṣe òfin pé ohun tí n kò bá rí nínú ìwé, n kò ní fi kọ́ wọn. Bí wọ́n bá bi mí, n ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Alága ni ehoro wa. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ló gbé e wálé nínú páálí. Ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà tí à ń pè ní Lọ́yà nítorí àríyànjiyàn rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ, ó ní kì í sọ nǹkan kan, síbẹ̀ gbogbo wa ń dúró dè é. Bí Alága bá wà lórí itan Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n lè kàwé lójú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó wá wo mítà omi dúró gbọ́ ojú ewé méjì gbáko. Alága ni mo gbẹ́kẹ̀ lé fún Ọjọ́bọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Lọ́yà figbe ta.

"Màámi! Ẹ wá wò ó! Alága ń jẹ ìgbẹ́!"

"Òun kọ́ ni alága àkọ́kọ́ tí yóò jẹ ohun tí kò yẹ," ni ìyá ọkọ mi wí.

Òótọ́ ni. Ó tẹ orí sábẹ́ ìrù, ó mú un, ó gbé e mì.

"Kí ló dé tó fi ń jẹ ẹ́, Màámi?" Ẹ̀gbọ́n ló bèèrè.

Mo wò ó nínú ìwé kan ṣoṣo tí a ní nípa ẹran ọ̀sìn. Kò sọ nǹkan kan nípa ìgbẹ́ ehoro. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ajá, a kọ ọ́ pé ajá tó bá ń jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ lè ní àrùn nínú. Mo rò ó pé ẹranko kò ju ẹranko lọ. Mo pè é fún wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: *Ẹranko tí ó bá ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò dá.*

Lẹ́yìn náà ni mo rán kọ́là fún un. Àjákù aṣọ líle láti ilé ìwòsàn ni mo lò, ìpele méjì, mo sì fi aṣọ rírọ̀ gbá etí kọ́là náà kí ó má baà ha á lọ́rùn. Ó bá a mu rẹ́gí. Orí rẹ̀ kò lè dé ìdí mọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà.

Láràárọ̀ ni Lọ́yà ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, tí Ẹ̀gbọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n náà ń wálẹ̀.

"Àrùn náà ló ń jáde," ni mo sọ fún wọn.

"Ó ń jáde lóòótọ́," ni ìyá ọkọ mi wí, "ó sì ń kó ẹran ara rẹ̀ dání lọ."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú àbẹ̀wò, Alága kò fẹnu kan ewé. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin kékeré kan ni. Ó yí kọ́là náà sọ́tùn-ún sósì.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, dókítà."

"Ọwọ́ yín mọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

Ó ṣàlàyé fún mi. Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń ṣu. Èyí tó le, ó máa ń fi í sílẹ̀. Èyí tó rọ̀, ó máa ń jẹ ẹ́ padà, torí oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò tíì gbà tán wà nínú rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ, yóò máa rù.

"Níbo lẹ ti gbọ́ pé àìsàn ni?"

"Nínú ìwé ni."

"Ìwé ehoro?"

"Ìwé ajá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn bí ó bá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú ni Alága kú, kí ọ̀sán tó pọ́n, lórí itan Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà kò sunkún. Èmi náà kò sunkún. Mo ní àpò ìrọ̀rí méjìlá láti ṣẹ́ létí. Mo ṣẹ́ gbogbo wọn. Ojú rírán wọn gún.

Ní Ọjọ́bọ̀, alábẹ̀wò dé ní agogo mẹ́wàá gééré. Ọkùnrin kúkúrú ni. Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé síwájú ara rẹ̀. A dúró. A tún dúró.

"Kò sí ìkánjú, ọmọ mi," ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n ń wo itan ara rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wúkọ́ díẹ̀.

Alábẹ̀wò yíjú sí Lọ́yà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lẹ̀ ń kọ́?"

Lọ́yà gbé ìwé ìwọ̀n fún un. Ọkùnrin náà fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà lọ sísàlẹ̀.

"Kí ló dé tí èyí fi ń wálẹ̀ báyìí?"

Lọ́yà wò mí. Mo lè sọ pé ogbó ni. Kò sí ẹni tí yóò jà mí níyàn, Lọ́yà pàápàá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo dìde dúró bí ọmọ ilé ìwé.

"Èmi ni mo fà á, sà." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìwé ajá. "Ọjọ́ mẹ́wàá ni kọ́là náà fi wà lọ́rùn rẹ̀."

"Mọ́kànlá," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Bírò dúró lọ́wọ́ alábẹ̀wò. "Kí lo wí, ọmọ mi?"

Kò wo ọkùnrin náà. Èmi ló ń wò. "Ẹ ò ka ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ ọn, Màámi."

Mo fi ìka kà á. Mọ́kànlá ni.

Alábẹ̀wò kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. "Màmá, ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, ìwé kíkà kọ́. N kò lè kọ ohun tí n kò gbọ́."

"Ẹ má kọ ọ́, sà." Lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ wa bára mu.

"N ó padà wá ní oṣù mẹ́ta òní. Títí dìgbà náà, kí ó wà lọ́dọ̀ yín."

Nígbà tó lọ tán, ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, oṣù mẹ́ta kì í ṣe kékeré o." Mo dúró de ayọ̀, kò dé. Ara mi dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé títí tó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ṣí i síbi gbólóhùn ẹranko tó ń jẹ ìgbẹ́ náà.

"Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Pa á rẹ́."

Ó fi rúlà fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà síwá, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Màámi, nínú èyí tó kù, èwo ni kì í ṣe òótọ́?"

"N kò mọ̀," ni mo wí. "A óò máa bi àwọn tó mọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ó mà pọ̀ o!" ni Lọ́yà wí.

Ojú ewé méjìlélọ́gọ́ta ni. Mo sún ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́.