Agbára Ìyá Karisa

"Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, Màmá, kí ẹ wá dìde láìfọwọ́ kan àga," ni Neema wí.

Jumwa ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde, bí ẹni pé okùn kan ló ń fà á láti òkè. Àwọn àlejò tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: obìnrin kan láti Japan, ọkùnrin kan láti Brazil, àti tọkọtaya kan láti Sweden. Wọ́n ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wádìí ohun tó ń jẹ́ kéèyàn dàgbà kí ara rẹ̀ sì le. Neema, nọ́ọ̀sì tó máa ń kó àwọn arúgbó ìlú Kaloleni jọ sábẹ́ igi máńgòrò kí wọ́n lè na ara, ló ń túmọ̀ fún wọn.

"Wọ́n ní láti ìgbà táwọn ti kúrò nílé, àwọn ò tíì rí irú yín."

"Sọ fún wọn pé iṣẹ́ oko ni," ni Jumwa wí. "Àti pé ọkọ mi tètè kú. Kò sẹ́ni tó ń dà mí láàmú."

Àwọn arúgbó bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó rín jù ni Tsuma, bàbá àgbà kan tó máa ń pa irun rẹ̀ láró kó lè dúdú. Gbogbo wọn ló mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lágbègbè wọn, àjẹ́ ni wọ́n máa ń pe arúgbó tó bá hu ewú; irun funfun ti pa èèyàn tó pọ̀ ju ibà lọ.

"Ká ní èmi ni mo ní orúnkún yẹn ni," ni Tsuma wí, "ìyàwó tuntun ni ǹ bá máa wá."

Wọ́n ya fọ́tò Jumwa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó na ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ dàgbà pẹ̀lú agbára.

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ náà ni Karisa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, wá bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màmá, mi ò lè gba ọjà kọjá mọ́. Wọ́n ní bàbá mi kú láìhu ewú. Wọ́n ní àbúrò mi ti wà nínú ilẹ̀, ọmọ mi náà ti wà nínú ilẹ̀. Wọ́n wá ní ọdún ta ni ẹ̀ ń jẹ?"

"Kí lo dá wọn lóhùn?"

Karisa wo ẹ̀gbẹ́ ilé. Kadzo, ìyàwó rẹ̀, ń fún aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi ò tíì lè dá jókòó tó fi kú," ni Kadzo wí. "Ẹlòmíràn ń jókòó, ó ń dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un."

"Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn lọ sílé ìwòsàn, Kadzo. Ẹ̀yìn mi ló wà."

"A kúkú mọ̀. Ẹ̀yìn yín náà ló kú sí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣá Tsuma pa lábẹ́ igi kajú rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Jumwa wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Òjò ti rọ̀ sí i lára, aró tó fi kun irun ti ṣàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, irun rẹ̀ sì ti padà funfun. Níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín ẹmu àgbọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá yìí ti pẹ́ jù náà." Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Ó dùn mí o," ni Karisa wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Àmọ́ àwọn kan ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kúrò." Orúnkún ìyá rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Jumwa ti ń mú ọ̀pá dání. Ó tẹ ẹ̀yìn, ó ń tiro. Nígbà míì, á gbàgbé ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa dun òun, á dúró díẹ̀, á rántí, á tún máa tiro lọ. Kò lọ sábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Àwọn obìnrin etí kànga tó ti ń yẹra fún un tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Karisa. Ẹ kú ara ríro."

Nígbà táwọn àlejò padà dé, Karisa fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé ìyá rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó fara ti ọ̀kadà náà, ó ń wòran. Wọ́n ní kí Jumwa ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó di àga mú, ó kérora, ó dìde dé ìdajì, ó sì jábọ́ padà. Ojú obìnrin Japan náà kún fún omijé.

Neema bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ Jumwa. "Màmá, ẹsẹ̀ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Jumwa wo ọ̀nà ibi tí ọ̀kadà wà.

"Ilé kan wà lódìkejì odò," ni Neema sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn arúgbó tó sá kúrò nílé ló wà níbẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́."

"Èmi ni mo ni oko àgbọn tí à ń gbé, Neema. Mi ò ní sá fún ọmọ mi."

Nílé, Karisa gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹyin. "Ẹ rọra o, Màmá." Kadzo se ẹja pẹ̀lú omi àgbọn fún un, ó bá a yọ eegun rẹ̀ kúrò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un kẹ́yìn. Ó jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, adùn yẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, Karisa mú ọkùnrin kan wọlé láti ìlú Mombasa, pẹ̀lú ìwé àti tàdáwà.

"Ẹ kàn tẹ̀ka síbí, Màmá. Oko àgbọn ti jìnnà jù fún ẹsẹ̀ yín. Ọ̀gá yìí máa rà á."

"Ilé yìí ńkọ́? Inú oko náà ló wà. Bí mo bá tẹ̀ka, níbo ni màá máa sùn?"

"Màmá, ọjọ́ mélòó ló kù?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó bèèrè bí ẹni tó ń bèèrè iye omi tó kù nínú ìkòkò. Jumwa wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó ń wá ìtìjú níbẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ló wí. "Tó bá dọ̀la, màá tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí Karisa àti Kadzo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ìró rẹ̀ dáadáa, ó fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì bọ́ sọ́nà. Kò tẹ ẹ̀yìn. Nígbà tó dé etí kànga, garawa bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà.

"Ẹ wò ó! Ẹ wá wo àjẹ́! Àná ló ń tiro!"

Òkúta kan bà á lẹ́yìn. Òmíràn gba etí rẹ̀ kọjá. Kò sáré, torí ó mọ̀ pé bí òun bá sáré, wọ́n á lé òun. Ó ń rìn lọ ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbóná lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, títí ohùn wọn fi jìnnà sí i.

Neema bá a nínú ilé tó wà lódìkejì odò, láàárín àwọn arúgbó. Obìnrin tó jókòó tì í kò ní apá kan mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gé e. Neema ń fọ ojú ọgbẹ́ ẹ̀yìn Jumwa lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Karisa ni," ni Neema wí lẹ́yìn tó ti gbọ́ díẹ̀. "Ó ní níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ṣé kí òun gbé ọkùnrin Mombasa náà wá bá yín?"

"Kò bèèrè bóyá mo ti jẹun?"

Neema mi orí. Jumwa na ọwọ́, ó gba fóònù náà.

"Màmá! Ẹ ti dójú tì mí," ni Karisa wí. "Wọ́n ní ẹ̀ ń rìn bí ọmọge. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ti fi ilé yín sílẹ̀. Ta ló máa wá sin yín síbi tẹ́ ẹ sá lọ?"

"Ìyẹn ṣì jìnnà, Karisa. Ara mi le koko. Mo ṣì máa pẹ́ gan-an láyé, kò sì sẹ́ni tó máa ta oko yẹn níṣojú mi."

Karisa bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Jumwa gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó gbọ́ ti ìkejì, ó dá fóònù padà fún Neema. Ó wá kọjú sí obìnrin alápá kan náà, ó bi í pé níbo ni wọ́n ti ń pọn omi níbí.

"Ó jìnnà o," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ sáà fọ̀nà hàn mí."