Ìwé tí Ràódàt Rán sí Takie

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń jẹun nídìí kíkọ ọ̀rọ̀ ọjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá ń ta bàtà tàbí ìpara, òun ni yóò kọ ohun tí oníbàárà máa kà tí ọkàn rẹ̀ á fi fà sí i. Ó tún ń kọ lẹ́tà ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lóṣooṣù. Ó bi mí lórí fóònù bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé tiwa. Mo ní ó wà. Mi ò ṣàlàyé. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ibi tí mo wà yìí tutù, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ tán lórí fóònù. Mo wá jókòó, mò ń kọ ọ́.

Nínú àwọn ọdún Sáàpù ni, ètò ìtúnṣe ọrọ̀ ajé ìjọba, nígbà tí ohun gbogbo ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Taipíìsì ni mí nílé ìtẹ̀wé kan ní Ọ̀yọ́. Ọ̀gá mi ni Bàbá Jayéọlá, àgbà ìjọ Aládùúrà bíi tiwa. Ìwé ìkéde òkú, ìwé ìgbéyàwó àti ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì la fi ń jẹun. Bàbá ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn fúnra rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ràódàt ni ọ̀rẹ́ mi. Agboolé kan náà la gbé dàgbà. Àwọn ń lọ mọ́sálásí, àwa ń wọ aṣọ funfun lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun. Ọkọ rẹ̀, Anas, ń ṣiṣẹ́ awọ. Tìmùtìmù ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, èyí tí a fi awọ ewúrẹ́ pupa àti dúdú rán, tí a ki òwú sínú rẹ̀, tí ènìyàn lè jókòó lé tàbí kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀yọ́ ni Anas ti ń ṣe é. Ràódàt a kó o wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń rà á, ìyàwó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ní sẹ́mínárì ń rà á, àwọn Hausa Sábó sì ń rà á ránṣẹ́ sílé lókè ọya.

Anas kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú ló ní ó ń run òun. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, Ràódàt sì wọlé opó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ mọ̀ pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Opó ò gbọdọ̀ jáde lọ tajà, kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Orí ẹní ni mo máa ń bá a, yóò kọjú sí ògiri. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ. Bí a ò bá gbé e fún un, kò ní béèrè. Èmi náà á jókòó tì í. Bí ẹni tó rì sínú omi ni gbogbo ilé náà rí. A ń rí ara wa, a ò gbọ́ ohùn ara wa.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Alájì Mashood, ẹ̀gbọ́n Anas, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló gba ṣọ́ọ̀bù Takie lọ́wọ́ onílé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Ìyàwó, kú ìrọ́jú," ó ní. "Takie kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ti ń yọ mí lẹ́nu lórí ibẹ̀. Mo ní kó mú sùúrù títí wàá fi jáde opó. Bí oníbàárà bá ṣì ń wọlé síbẹ̀ nígbà náà, tìrẹ ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wọlé, mo máa gbé e fún un."

"Mo gbọ́, Alájì. Ẹ ṣeun."

Bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò máa rọ̀ lọ́la ló ṣe dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan mìíràn tó ní. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló mọ̀.

Sìkírátù, àbúrò Anas obìnrin, ló wá ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Takie. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Adúmáradán ni Ràódàt ń pè é. Sìkírátù lẹ́nu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kì í ṣe ẹnu ọjà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá jíṣẹ́.

"Ìyàwó, eṣinṣin nìkan ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Òun náà ò ra nǹkan kan."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́, Adúmáradán?"

"Wọ́n á yọjú, wọ́n á ní, 'Ìyá yẹn dà?' Mo máa ní o ò sí. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ṣé mo wá rí bí èèyàn lásán lójú wọn ni?"

Èmi ni mo dábàá ìwé. Mo ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lè dé Takie, ìwé lè dé ibẹ̀. Ràódàt ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí.

Inú Bàbá Jayéọlá dùn sí i. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò," ó ní, ó sì fa gègé yọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á sókè fún wa: "Pẹ̀lú ọkàn ìrẹ̀lẹ̀ àti ọpẹ́ fún ìgbésí ayé rere, ìdílé olóògbé Anas, ọ̀gá oníṣẹ́ awọ, fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ké sí tẹbí tọ̀rẹ́ àti gbogbo oníbàárà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀." Ó fi fọ́tò Anas sí àárín, ó sì fa ìlà dúdú tó nípọn yí gbogbo rẹ̀ ká, nítorí ìlà dúdú ló máa ń mú ìwé wa lẹ́wà. Ó dára lójú gbogbo wa. Sìkírátù kó o, ó lọ pín in yíká Takie àti Sábó, ó sì pín in lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Ìyàwó, wọ́n wá o."

"Ta ló wá?"

"Gbogbo Takie. Àwọn nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Aáfà kan wá láti Sábó, ó kó àwọn ọmọ kéwú lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Wọ́n ní Ọlọ́run á tẹ́ Anas sí afẹ́fẹ́ rere. Àga ò sì tó, wọ́n bá jókòó lé tìmùtìmù. Wọ́n ṣàdúà títí ọ̀fun fi gbẹ wọ́n."

"Kí lẹ tà?"

"Ta kí ni? Ta ló ń tajà nílé òkú? Ìyá kan tiẹ̀ ń wo ẹ̀yìn mi, ó ní níbo ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ jáde."

Mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ràódàt mì díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ń bọ̀. Kò wá.

"Ìwé òkú lẹ kọ," ó ní. "Anas ló kú. Tìmùtìmù ò kú."

Mo bi í pé kí ló máa ń sọ fún wọn ná, tí wọ́n fi máa ń rà. Ògiri ló kọjú sí nígbà tó ń dáhùn, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Mi kì í sọ pé ọjà mi dára. Ta ló máa ní tòun ò dára? Bí ìyá ọmọ bá wọlé, mo máa bi í pé níbo ló ń jókòó sí tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Á ní etí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo máa ní kó jókòó sí èyí wò. Bó bá ti jókòó, mo máa panu mọ́."

"Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Má kọ ọ́ sí gbogbo ayé. Kọ ọ́ sí Ìyá Ìyanuolúwa."

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìyanuolúwa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Òun ni mo fi sójú bí mo ṣe ń taipù. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá ọmọ, níbo lẹ ń jókòó sí tẹ́ ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú? Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tìmùtìmù wà ní ṣọ́ọ̀bù Ràódàt, Takie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún aago ṣe. Mo wà nínú opó, mi ò lè jáde, ìwé yìí ni mo rán sí yín. Sìkírátù wà níbẹ̀. Ẹ wá jókòó wò. Kò di dandan kẹ́ ẹ rà á."

Bàbá Jayéọlá yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Ìkíni dà? Ìwé tí ò kí èèyàn, ìwé àrífín ni."

Mo lọ jíṣẹ́ fún Ràódàt. Ó ní kí Bàbá kí wọn nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń dágbére. Bàbá kọ "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ" síbẹ̀, ó ń kùn. Kò sí fọ́tò, kò sí ìlà dúdú. A tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi ọwọ́ yí, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ìyá Ìyanuolúwa ló kọ́kọ́ wá. Ó jókòó. Sìkírátù, tí a ti kìlọ̀ fún, gbìyànjú, ó panu mọ́. Obìnrin náà rà á, ó sì mú nọ́ọ̀sì mìíràn wá lọ́jọ́ kejì.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, Ràódàt á sọ, èmi á taipù. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Sábó, pé tìmùtìmù ṣeé rà láìki òwú sínú rẹ̀, ó ṣeé ká sínú àpò ìrìn àjò, kí wọ́n ki í nígbà tí wọ́n bá délé. Òmíràn kò tilẹ̀ ta nǹkan kan. Ó kàn sọ fún àwọn tó ti rà á pé bí awọ bá gbẹ kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á, kí wọ́n má sá a sóòrùn. Bàbá Jayéọlá ní ìfowóṣòfò ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n Sìkírátù ní ìwé yẹn gan-an ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n sì ń bi òun pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé. A rò pé ṣọ́ọ̀bù náà máa dúró.

Jímọ̀ kan ni Sìkírátù ní iṣẹ́ ọwọ́ Anas ń tán lọ. Akóredé, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Anas, wà lẹ́yìnkùlé tó ń ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò sún mọ́ra tó ti ọ̀gá rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń fura, ìgbà díẹ̀ ló sì kù kí opó parí.

Bàbá Jayéọlá gbọ́ ọ. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ ní ti Anas fẹ́ tán. Ẹ máa rí bí wọ́n ṣe máa sáré."

N kò fẹ́ sọ ọ́ fún Ràódàt. Mo sọ ọ́. Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó kírun, ó padà sórí ẹní.

"Kọ ọ́," ó ní.

"Ṣé o ò ní yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún ara rẹ?"

"Bí mo bá yọ ọ̀kan, mo máa fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́, Yẹ́misí."

Ó sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Anas tó ń ṣe tìmùtìmù yìí ti kú. Èyí tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá tán, Akóredé tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa ṣe é. Mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Ẹ wá wo méjèèjì." Mo taipù ú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìka mi ń lu ẹ̀rọ, mò ń wo bí ìka náà ṣe ń lù ú, bí ìka ẹlòmíràn.

Wọ́n sáré lóòótọ́. Àwọn kan gun alùpùpù wá láti Sábó. Ìyàwó pásítọ̀ méjì fẹ́ jà nítorí dúdú kan. Àwọn tí wọn kò rí ti Anas rà mọ́ ra ti Akóredé, wọ́n ní ìwé náà kò ṣáà purọ́ fún àwọn.

Nígbà tí Ràódàt jáde opó, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ mìíràn fún un, èmi àti òun sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó wo orí pẹpẹ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Ti Akóredé ló kún ibẹ̀, òórùn awọ tuntun gba gbogbo ilé. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó gbọ́wọ́ kúrò.

Alájì Mashood ti dé ṣáájú wa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, oníbàárà kan sì ní kó jọ̀ọ́ yẹra kí òun ráyè wọlé. Ó yẹra. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀.

"Mo ti ní kí onípáàtì lọ wá ibòmíràn," ó ní, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. "Kú iṣẹ́, ìyàwó."

Ràódàt kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Sìkírátù bú sẹ́kún lẹ́yìn wa, òun nìkan.

Oníbàárà tó ní kí Alájì yẹra ni Ìyá Ìyanuolúwa. Ó fẹ́ ra ti Anas kan fún àbúrò rẹ̀.

"Ó ti tán, Mà," Ràódàt dáhùn.

Obìnrin náà gbé ti Akóredé, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i padà. "Ó yàtọ̀ díẹ̀."

"Ó yàtọ̀, Mà."

"Ó ṣáà dára." Ó ṣe bí ẹni tó ń ro nǹkan. "Ìyá, ti Anas kan wà nílé mi. Ṣé kí n gbé e padà wá fún yín? Mi ò ní gbowó."

Mo wo Ràódàt. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò yẹ ojú.

"Rárá, Mà," ó ní. "Ẹ ṣáà máa jókòó lé e."

Ó yíjú sí pẹpẹ, ó sì mú pupa kan wálẹ̀ fún un.