Òmùwẹ̀ Manigri

Ní Manigri wa, kò sí òkun, kò sí ọ̀sà. Iṣu la mọ̀. Nígbà tí Alassane ti ìlú àwọn Faransé dé, tó ní iṣẹ́ abẹ́ òkun lòun ṣe ní Dakar àti Màsẹ́ì, a wá orúkọ tí à bá máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ tì. La bá ń pè é ní Òmùwẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ìtàn rẹ̀ dùn, ká má purọ́. Wọ́n á dé e ní akoto irin, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní bàtà òjé, wọ́n á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú batóò, ọkọ̀ ojú omi wọn. Á máa rìn nísàlẹ̀ òkun bí ẹni ń lọ oko, atẹ́gùn á máa gba inú rọ́bà wá bá a. Tó bá ti fa okùn, wọ́n á fà á gòkè. Assana, ìyàwó rẹ̀, ìyá Rafiou ọmọ wọn, ti gbọ́ ìtàn yìí débi pé òun gan-an ló ń sọ ọ́ fún àlejò.

Lọ́jọ́ ọjà Bassila kan, odò kún dé ẹnu afárá onígi. Gbogbo wa dúró, Alassane náà dúró, Assana ò dúró.

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ o," la wí fún un.

"Òmùwẹ̀ tèmi, òkun pàápàá ò gbé e," ló fi dá wa lóhùn. Ó ru iṣu rẹ̀, ó kọrí sórí afárá. Igi kan yẹ̀, odò gbé e.

Gbogbo wa yíjú sí Alassane. Ó bọ́ bàtà, ó sún mọ́ omi, ó dúró.

"Ẹ mú okùn wá!" ló ń ké. "Ẹ so mí! Okùn dà?"

"Okùn kí ni, Òmùwẹ̀? Bẹ́ sódò!"

"N ò mọ̀ ọ́n wẹ̀." Ohùn rẹ̀ kéré, èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo gbọ́. "Rírìn ni mo máa ń rìn."

Orí Assana yọ, ó tún rì. Chitou, ará Bassila kan tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ju ẹrù sílẹ̀, ó bẹ́ sódò. Ó gbá a lápá mú, ó wọ́ ọ wá bá wa. Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Eléyìí ò ro baba. Ojú ti Alassane, ojú sì ti àwa náà, torí àwa la fi orúkọ yẹn kọ́ ọ lọ́rùn.

A dojú Assana délẹ̀, ó pọ omi. Kò tíì lajú. Alassane kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òmùwẹ̀ mi," Assana wí láìlajú, "mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí omi gbé mi lọ."

Chitou ò gbọ́ èdè wa púpọ̀, àmọ́ ó gbọ́ ìyẹn. Ó ń fún omi kúrò láṣọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yẹ kí Alassane sọ pé òun kọ́ ló yọ ọ́, kò sọ ọ́.

Assana na ọwọ́ kejì, ó fi wá àyà ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹ̀wù náà títí dé apá. Ó wá lajú.

"Baba Rafiou," ló wí, "aṣọ yín gbẹ."