Ẹni Tó Ń Ru Ohun Tí Mo Sọ̀ Kalẹ̀

Ní òpin oṣù kejì ọdún 1978, mo gun orí ìwọ̀n ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ṣábẹ̀, ó sì dúró sórí kílò méjìdínláàádọ́rin. Oṣù méje ṣáájú ìgbà náà, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Issa, olùtọ́jú aláìsàn tó máa ń wọ̀n mí, fi okùn ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ dè mí lápá, ó tẹ́tí sí i, ó tú u, ó tún dè é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kò gba etí ara rẹ̀ gbọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀. Orí fífọ́ tó máa ń jí mi láàárọ̀ ti lọ. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń wú kò wú mọ́. Mo sì ti di ẹni tí ń sáré kìlómítà mẹ́rìnlá ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àlọ àti àbọ̀.

N kò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi kú ní Pọbẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nílé ìdáná, ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn, ó sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá tó bí i ṣe kú. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, dókítà tó yẹ̀ mí wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí n kò bá sọ ẹrù ara kalẹ̀, n kò ní í ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo ti kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Dakar; ìtàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ṣábẹ̀. N kò gbà pé ikú jẹ́ ogún ìdílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo sáré fún oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n kò mì. Bí mo bá ti dé láti ojú eré, màá jókòó ti ẹran díndín àti wàrà àwọn Fúlàní, mo sì gbà pé ẹni tó làágùn lẹ́tọ̀ọ́ sí adùn.

Àríkẹ́ ló yí ọ̀ràn náà padà. Àgbà obìnrin ni, opó, tó ń dáko ní ẹsẹ̀ òkè àpáta kan lójú ọ̀nà Bessé, kìlómítà méje sí ilé mi ní àdúgbò Plateau. Abẹ́ igi kajú rẹ̀ ni mo ti máa ń sinmi kí n tó yí padà.

“Madámù,” ó ní lọ́jọ́ kan, “ta ní ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Mama. Mo fẹ́ kí ara mi fúyẹ́ ni.”

“Kí lo máa ń jẹ bí o bá délé?”

Mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

“Ẹsẹ̀ rẹ ń sáré, ẹnu rẹ jókòó sílé.”

Ó wọ inú àká, ó gbé iṣu kan jáde. “Èyí ni kí o máa jẹ. Sè é, má dín in. Fi ẹ̀wà tì í, àti ewé, àti ata, àti iyọ̀ díẹ̀. Má fi epo sí i. Má fi ẹran sí i. Wàrà yẹn, jẹ́ kí ọmọ màlúù mu ún. Sì jẹun yó o. N kò ní kí o febi pa ara rẹ.”

“Mama, ṣé iṣu kì í múni sanra ni?”

Ó na apá rẹ̀ sí mi, apá tó le bí èèkù ọkọ́. “Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń jẹ ẹ́. Fọwọ́ kàn án.”

Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní iṣu apá oko yẹn kì í ṣe títà; ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni wọ́n ń fún, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń gbé e lọ sílé, tí mò ń sè é, tí mò ń gún un, tí mo sì ń di èyí tó tutù sínú aṣọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mò ń jẹun yó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ aṣọ ń tú lára mi.

Ìgbà tí ọ̀yẹ́ dé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ní ẹsẹ̀ òkè náà, ọ̀nà fún, eruku rẹ̀ sì kúnná bí èlùbọ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ mìíràn tó ń bá tèmi rìn, ní apá òsì mi. Mo dúró. Ó fi ìṣísẹ̀ méjì kún un kí ó tó dúró. Mo sọ fún ara mi pé àpáta ló ń dá ìró padà. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ bí àpáta ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà bọ̀, oòrùn ti yọ, mo wo ilẹ̀. Ipasẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ti ẹni tí kò wọ bàtà, ó fẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìró àpáta kì í ní ọmọ ìka ẹsẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi igi ìfàlà tí mo fi ń ya àwòrán ilẹ̀ ní kíláàsì wọn ipasẹ̀ náà. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, tèmi ń fẹ́lẹ́ lórí eruku, tirẹ̀ ń jìn. Ní ìparí oṣù kìíní, mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì gbé ọwọ́ mi mì dé ọrùn ọwọ́.

Issa pẹ̀lú rí ipasẹ̀ náà. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Bessé, nígbà tó sì dé, ó bi mí léèrè níwájú ìwọ̀n:

“Madámù, ta lẹ ní kó máa gbé àpò sìmẹ́ńtì tẹ̀ lé yín?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.

“Ẹ bá a ra bàtà, ó kéré tán,” ó ní. “Ìyà ń jẹ ẹ́.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbọ́ èémí ẹni tó ń tẹ̀ lé mi. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, pẹ̀lú súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìparí. Mo mọ èémí náà. Èmi ni mo ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mí nígbà tí mo wà ní kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, mo bá Àríkẹ́ nídìí iṣẹ́. Àká ti ṣófo. Ó ti kọ ebè tuntun ní ọ̀wọ́ kan, ó sì ti gbẹ́ ihò sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“O dé,” ó ní. “Kó wọn wá.”

“Kí ni, Mama?”

“Orí iṣu. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.”

Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí.

“Ẹni tó bá jẹ iṣu apá ibí yìí, ara iṣu ni tirẹ̀. Orí ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni oko, láti ọwọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Mo rò pé ò ń kó wọn jọ síbi tó ní ibòòji. Ọmọ kékeré Ṣábẹ̀ mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ pé a ó máa sọ ọ́ fún ẹni tó kàwé.”

Lọ́dún náà, ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo olùkọ́ mú ohun ọ̀gbìn wá sí oko kọ́lẹ́ẹ̀jì, fún ìyípadà orílẹ̀-èdè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń mú ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo wá. Èmi ń mú orí iṣu wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Marcel, ọ̀gá wa, ti yìn mí níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà, orí mi sì wú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Àríkẹ́, mo sì bi í pé ta ló ni oko.

“Àkànbí, ọkọ mi. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó kú. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbé ìwé àwọn òyìnbó láti ìlú dé ìlú kí mọ́tò tó pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mú un jókòó nígbà ayé rẹ̀, àfi oko yìí. Bí orí iṣu bá wà nínú ebè, á jókòó tì í. Bí ebè bá ṣófo, kò ríbi jókòó. A máa tẹ̀ lé ẹni tó jẹ ẹ́, a sì máa bá a ru ohun tó bá sọ̀ kalẹ̀. Aláàánú ni.”

“Bó bá jẹ́ àánú ni, Mama, kí ló burú níbẹ̀?”

“Ẹrù ẹlẹ́rù a máa rẹni. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò ti sọ̀ ọ́. Ta ló sún mọ́ ọn jù lọ lójú ọ̀nà?”

Mo rí ìyá mi nílé ìdáná, mo rí i bó ṣe dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Marcel.

“Kámárádì Ọláyẹmí,” ó ní, “nínú oko yẹn, kò sí tèmi, kò sí tìrẹ.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kámárádì. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn ni mo fẹ́ hú.”

“Fún ta ni?”

“Fún ẹni tó ni ín.”

“Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe?”

“Kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan mọ́.”

Ó gbójú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀. Ọmọ abúlé ni òun náà. Ó kọjú sí fèrèsé.

“Ẹ hú èyí tí ẹ bá dá mọ̀,” ó ní. “N kò rí yín.”

Mọ́kànlá péré ni mo dá mọ̀, àwọn tó gbẹ̀yìn, tí mo gbìn ní ọ̀wọ́ kan fúnra mi lọ́jọ́ ìgbìn. Ogún àkọ́kọ́ ti bọ́ sínú òkìtì gbogbogbò, àwọn ọmọ sì ti gbìn wọ́n káàkiri láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀dá tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé mọ́kànlá náà karí, mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹsẹ̀ náà ń tẹ̀ lé mi. Àríkẹ́ jókòó, kò bá mi fọwọ́ kàn án, títí mo fi bo èyí tó kẹ́yìn. Ó ní ọmọ àwọn wọ̀nyí ni mo lè fi dí ihò tó kù. Iṣu ọjà kò ní í dí i, kì í ṣe ti Àkànbí. Nígbà tí mo ń padà, mo bojú wẹ̀yìn. Ipasẹ̀ náà ṣì jìn, ṣùgbọ́n láti ibì kan dé ibì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà pa pọ̀, bí ẹni tó dúró díẹ̀ kí ó tó tún gbéra. N kò mọ̀ bóyá ìsinmi ni, tàbí àárẹ̀.

Mo ṣì ń jẹ iṣu àti ẹ̀wà, mo ṣì wà ní kílò méjìdínláàádọ́rin. Mo jẹ Àkànbí ní gbèsè orí iṣu mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mọ́kànlá ti wà nínú ebè rẹ̀. Ó ku ogún.