Ẹ̀rọ Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù fún Kòdúró

Ohun tí Oníbúrẹ́dì kórìíra láyé yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n itọ́ ajá wà lára wọn, òun ló sì wà lókè pátápátá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun tí odindi àdúgbò ń jẹ kò lè fi ọwọ́ ṣeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, bó bá lọ kí i, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń kó aṣọ rẹ̀ jọ mọ́ra, torí Kòdúró, ajá ìyá náà, kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fò mọ́. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun obìnrin yìí, bó bá dé ọ̀run, ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nù kó tó jókòó.

Orúkọ ajá náà ro ó. Ajá pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn, bó bá sì sùn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa sáré. Láràárọ̀, ìyá náà á gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, á ju bọ́ọ̀lù, ajá á lé e, á gbé e wá, á tún un jù, títí ahọ́n ajá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ kó tó jù ú: "Kòdúró, ọmọ mi, ó yá, lọ mú un wá."

Orí àga yẹn ló kú sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láìṣàìsàn, láìdágbére fẹ́nikẹ́ni.

Àbúrò Oníbúrẹ́dì ọkùnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Wáyà, ló jogún ilé, nítorí òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bá ìyá gbé. Ẹni tó jogún ilé ló sì jogún ajá. Wáyà ń tún fóònù àti rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé náà, tó kọjú sí títì. Láti kékeré ni kò ti lè rí ohun tó ní bátìrì nínú kó má tú u wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ajá kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tó padà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó di ìyọnu síni lọ́rùn. Ó jẹ bàtà, ó jẹ ìrọ̀rí, ó wa ẹ̀yìnkùlé kiri bí ẹni tó gbé owó pamọ́ síbẹ̀ tí kò rántí ojú ibẹ̀ mọ́. Ìyàwó Wáyà ní nínú òun àti ajá, ẹnì kan á kó jáde. Wáyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó lè bá ajá sáré. Ó sanra, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ sì kún orí tábìlì. Ló bá lọ ra àwọn ohun ìṣeré ajá tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Ó ra eku onírọ́bà tó ń sá kiri fúnra rẹ̀. Eku yẹn kò rí ọjọ́ kejì. Ìka ni ìyàwó Wáyà kì bọ ọ̀nà ọ̀fun ajá kó tó rí bátìrì rẹ̀ yọ. Ó ra bọ́ọ̀lù tó ń yí kiri tó sì ń tan iná. Ajá wò ó, ó ṣẹ́ ojú, ó kẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ra èyí tó tóbi, ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ó rí bíi korobá tó ní ẹnu níwájú. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i láti òkè, á kùn díẹ̀, á sì tu ú jáde lọ sí ìdí ọgbà. Wọ́n ní ajá tó bá gbọ́n á máa gbé bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, olówó rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Kòdúró kò gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ó gbóòórùn ẹ̀rọ, ó lọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ìyá kú sí.

Kò pẹ́ tí Wáyà fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ ajá, pé kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí i, òun kò ní sọ ọ́ lórí fóònù.

Oníbúrẹ́dì lọ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó mú búrẹ́dì gbígbóná méjì dání. Wọ́n gbé àga fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àwọn bọ́ọ̀lù náà. Irun ara wọn ti bó, itọ́ ti sọ wọ́n di dúdú, wọ́n ń yọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ẹnu ẹ̀rọ náà burú ju ìyẹn lọ. Itọ́ tó ti gbẹ lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele ìpele, irun ajá há sáàárín rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti àkísà tí wọ́n fi nulẹ̀ tí wọn kò sá. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun á wo eré yìí ní ẹ̀ẹ̀kan, òun á sì máa lọ.

Wáyà tan ẹ̀rọ. Nǹkan kan dún kíṣí nínú rẹ̀. Ìyá wọn sì sọ̀rọ̀.

"Kòdúró, ọmọ mi, ó yá, lọ mú un wá."

Ajá ta gìrì. Kì í ṣe ìdí ọgbà ló kọ́kọ́ lọ o. Inú ilé ló sáré gbà, ó di ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìyá, ó ti imú bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fín imú, ó ń sunkún kékeré kan lọ́nà ọ̀fun. Ìgbà tí ẹ̀rọ tu bọ́ọ̀lù jáde ló tó sá padà wá lé e. Ó gbé e wá, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn. Ìyá tún pè é. Ajá tún di ẹnu ilẹ̀kùn yàrá.

Wáyà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun rí eré.

Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Nígbà tí ohùn náà jáde lẹ́ẹ̀kẹta, láàárín irun àti itọ́ yẹn, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Wáyà, kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Màmá ni. Ẹ rántí pé wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi tí mo bá lọ rajà? Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń pe ajá. Mo gé ibẹ̀ jáde, mo so sípíkà kékeré kan mọ́ inú ẹ̀rọ."

"Pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́—"

"Mo ní kí o pa á."

Ó pa á. Oníbúrẹ́dì dìde, ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì bì.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò dùn létí. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ìyá àwọn kì í ṣe fèrè tí wọ́n fi ń pe ajá. Àbúrò ní ẹni tó ń gbélé ló mọ ibi tó ń jò. Òun lòun ń gbọ́ igbe ajá lóru, kì í ṣe ẹni tó ń wá kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bi í pé kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí fọ́tò Màmá tí ẹ̀gbọ́n òun alára gbé kọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀. Oníbúrẹ́dì fi ìbínú dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí ohun tó máa sọ.

"Fọ́tò kì í pe ẹni tó máa wá a kiri tí kò ní rí i."

Wáyà gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Nígbà tí Oníbúrẹ́dì dé ilé, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí awọ ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó yá, ìyàwó Wáyà pè é, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ó ní aládùúgbò kan rí bí Kòdúró ṣe ń sáré, ó sì bẹ Wáyà pé kó ṣe irú rẹ̀ fún òun, kó fi ohùn ọkọ òun tó wà lẹ́yìn odi sí i. Láti orí ẹni yẹn, àwọn mìíràn gbọ́. Wáyà ti lọ kó ẹ̀rọ wá, ó gbé ọ̀kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá lè máa gbọ́ ọ. Oníbúrẹ́dì bi í pé ohùn ta ló wà nínú ti iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Obìnrin náà tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i.

"Ti Màmá ni. Ó ní ti wọn ló dún ketekete jù. Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ò gbà á mọ́. Tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ tó bá dún, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó rántí."

Oníbúrẹ́dì kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù lókèèrè tó ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójú títì, láàárín ariwo mọ́tò. Wáyà ti yí i sókè. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Oníbàárà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó wọ bàtà gíga, tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ajá funfun kékeré kan lọ́rùn. Ẹ̀rọ pe Kòdúró, ó tu bọ́ọ̀lù, ajá funfun náà sì ń fò káàkiri. Obìnrin yìí ń pa ohùn náà sín. Ó fún imú pọ̀, ó mú ohùn gbọ̀n ní ìparí bí ohùn ìyá ṣe máa ń gbọ̀n ní ìparí: "Lọ mú un wá-à-à." Lẹ́yìn náà ló bi Wáyà pé ohùn ìyá yìí mà dùn o, ṣé òṣèré ló sanwó fún ni.

"Ìyá àgbà kan báyìí ni," ni Wáyà wí.

Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà lẹ́yìn òun. Nígbà tó yíjú, tó rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Oníbúrẹ́dì kò pariwo. Ó wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni wo oúnjẹ tó ti hu olú. Gbogbo itọ́ ajá tó ti ń sá fún láti ọjọ́ tó ti dáyé kò rí i lára tó gbólóhùn kan yẹn. Ìyá àgbà kan báyìí. Ó wẹ̀yìn, ó wá ajá. Kòdúró wà lábẹ́ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, egungun ìhà rẹ̀ ti yọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ẹ̀rọ tún pè é. Etí rẹ̀ kò mì.

"Wáyà," ni Oníbúrẹ́dì wí, "wo ajá."

Wáyà ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó pa ẹ̀rọ, kó mú fóònù rẹ̀, kó fi ojúlówó ohùn náà síta, èyí tí kò gé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá wúkọ́, àga wọn dún, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Wáyà bóyá ó ti jẹun, wọ́n sì wá pe ajá. Kòdúró yán, ó yí orí sí ògiri. Ajá tí yóò sọnù ni wọ́n ní kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí kò sọnù o, inú ilé ló wà, síbẹ̀ kò gbọ́.

Wáyà fúnra rẹ̀ wá pè é: "Kòdúró." Ajá dìde lójú ẹsẹ̀, ó ń ju ìrù.

Wáyà wá ibi jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ò gbọ́ ọ mọ́. Ó ti ṣe díẹ̀. Mò ń tan án láàárọ̀, mò ń pa á lálẹ́, kò ṣe mí bíi pé Màmá ni."

Obìnrin oníbàárà náà béèrè ìgbà tí tirẹ̀ yóò ṣe tán. Wáyà ní òun kò ṣe é mọ́. Obìnrin náà kùn, ó ní àwọn èèyàn ò mọ ọjà í tà, ó gbé ajá rẹ̀, ó lọ.

Wáyà gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó ń tú u. Irin tó fi ń tú u ń yọ̀ kúrò lójú ìdè. Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ náà mú fún un, kó lè tètè parí. Itọ́ lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, ó di ẹrẹ̀. Nígbà tí ìdérí ṣí, ìdì irun wà níbẹ̀, ó tutù, ó ń rùn, sípíkà náà wà láàárín rẹ̀, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Wáyà ní kó gbójú kúrò. Kò gbójú kúrò. Ó wò ó títí Wáyà fi fà á yọ.

Ẹni tó ta àwọn ẹ̀rọ tó kù gbà wọ́n padà. Ìyàwó Wáyà, ẹni tó ní kí ajá kó jáde nílé, òun ló ń mú un lọ sáré ní pápá láàárọ̀ báyìí. Ó ní ìdí òun ti fúyẹ́, òun sì ń sùn dáadáa. Àtẹ́lẹsẹ̀ Kòdúró ti jinná.

Ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì kò lè jẹun nílé àbúrò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá gbé e wá, á ní òun ti yó láti ilé. Wáyà mọ̀, kò sì bi í. Ọjọ́ kan ló rọra béèrè bóyá kí òun fi ohùn Màmá yẹn ránṣẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀, láìgé. Oníbúrẹ́dì ní kó ṣì tọ́jú rẹ̀ ná. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá lè gbọ́ ọ láìmáa retí kí bọ́ọ̀lù fò jáde lẹ́yìn rẹ̀, òun á béèrè.

Kò tíì béèrè.