Wáìnì Inú Ṣokéèsì Ọ̀gá Dáhùnsí

Ọ̀gá Dáhùnsí, máníjà báǹkì wa ní Onitsha, gbà pé kò sí ohun tí kì í dára sí i bó bá ti ń dàgbà. Bóyá ara rẹ̀ ló ń wò tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ìgò wáìnì pupa mẹ́ta ti wà ní ìdúró nínú ṣokéèsì pálọ̀ rẹ̀, níwájú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Main Market ló ti rà wọ́n, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ròyìn wọn, wàá rò pé òun ló gbin àjàrà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pe èmi àti Ẹkúndayọ̀ pé ká wá tọ́ ọ wò. Ẹkúndayọ̀ ni kaṣíà wa. Onitsha ni wọ́n bí i sí, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Èmi ní tèmi, Ìbàdàn ni ọkọ àti ọmọ mi wà. Mo ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi padà sọ́hùn-ún, ìfọwọ́sí ọ̀gá nìkan ló kù. Mo ti pinnu pé bó bá bu omi àgbàrá fún mi, màá ní ó dùn.

Ìdérí onígi ìgò àkọ́kọ́ rún sínú ọtí. Ọ̀gá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Faransé nìyẹn. Irọ́ ńlá! Ohun tó dà jáde kì í ṣe pupa mọ́, omi irin tó dípẹtà ló jọ. Ó ń mì ín yípo nínú gíláàsì, ó ń fi imú fà á, ó dijú pinpin.

Mo mu ún. Ẹmu ọjọ́ mẹ́ta sàn jù ú lọ. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹkúndayọ̀ tu tiẹ̀ padà sínú gíláàsì. "Chai! Ọ̀gá, abeg, this one don sour! Ẹ dà á nù, sà, kí inú má baà run yín."

Ojú ọ̀gá le. "Ará oko! Kí lo mọ̀ nípa wáìnì? Tóyìn, sọ fún un."

Mo nu ojú mi. "Sà, n kò mu irú ẹ̀ rí. Àgbà ọtí ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ẹkúndayọ̀. "N kò fẹ́ máa rí ẹ ní ọ́fíìsì mi mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá ní Ìbàdàn. Ìwọ ni màá fi ránṣẹ́."

"Ìbàdàn kẹ̀?" Èmi ni mo pariwo. "Sà, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀!"

"Mo mọ̀. Ọ̀la ni mo tiẹ̀ fẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí n wá gbé irú ahọ́n tó mọ wáìnì báyìí fún àwọn ará Ìbàdàn? Láéláé! Ìgò méjì ṣì kù, Tóyìn. Èmi àti ìwọ la ó jọ mu ún."

Ó rọ gíláàsì mi kún dé etí, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.